Sísùn nínú ọkọ̀ láti Houston dé Grand Canyon: ẹ bá wa dá sí i

Àjàní_Houston:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́fà, fẹ́ wakọ̀ lọ wo Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá tó wà nínú ọgbà ìjọba ní Arizona, lóṣù keje tí iléèwé bá wà ní ìsinmi. Èyí ẹ̀gbọ́n ló kà nípa ibẹ̀ níléèwé, láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Mo ti ṣírò owó epo, mo ti ṣírò ti oúnjẹ, agbára wa ká a. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ló da ìṣirò rú. Ìlú kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, iye tí wọ́n ń pe yàrá kan fún alẹ́ kan, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni nílé wa.

Toyota Sienna 2021 la ń gùn. Èrò mi ni pé kí n yọ àwọn ìjókòó àárín, kí n tẹ́ fóòmù, ká máa sùn sínú ọkọ̀ lálọ àti lábọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí ni pé, níbo lèèyàn lè páàkì sí mọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò ní wá kan gíláàsì? Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba ìyàwó mi. Ó ní ọkùnrin dúdú nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi aṣọ dí gíláàsì rẹ̀ lóru, àlàyé wo la fẹ́ ṣe? Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀.

ÌyáÌbejì_Dallas:
Bọ̀dá Àjàní, ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọmọ yẹn kéré. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan ni, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà á fẹ́ tọ̀ láago méjì òru, á ní omi ń gbẹ òun, á ní ooru ń mú òun. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yin kan náà lẹ tún máa wakọ̀ wákàtí mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ẹ ronú nípa dẹ́rẹ́bà tí kò sùn kẹ́ ẹ tó ronú nípa owó. Ẹ wá mòtẹ́ẹ̀lì sí ìlú tí kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, ibẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ mú ìrẹsì àti ìkòkò iná mànàmáná kékeré dání. Bẹ́ẹ̀ làwa ń ṣe.

ỌmọMọ́kọlá_Phoenix:
Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Èmi àti ìdílé mi máa ń ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Ìjókòó àárín Sienna láti 2021 kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yọ bíi ti àtijọ́. Éábáàgì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá lẹ ó ká wọ ilẹ̀, àwọn ọmọ á rí ibi nà sí. Ẹ̀yin àgbà á na ìjókòó àárín sẹ́yìn níwọ̀n tí kò ní ká àwọn ọmọ mọ́. Ẹ fi téèpù wọn ibẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó ra fóòmù.

Ní ti ká sùn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀: ibi tẹ́ ẹ bá ti jẹun kọ́ lẹ ó ti sùn. Ẹ jẹun, ẹ fọ eyín, ẹ wọ aṣọ oorun fáwọn ọmọ níbòmíràn, ẹ wá gba ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn lọ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti dúró, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa ló ń jẹ́ kí ará àdúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ẹ pa iná inú ọkọ̀, èyí tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ tí ìlẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ má fi rìmóòtù ti ilẹ̀kùn látinú, torí tí ọmọ bá ṣí ilẹ̀kùn lóru, aláàmù á ké, gbogbo páàkì á jí. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn. Ẹ kọjú ọkọ̀ síta kó lè jẹ́ pé kẹ́ ẹ tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ sì máa lọ nìkan ló kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ti lọ.

Gíláàsì ni iṣẹ́ wà. Ẹ ra fóòmù onífàdákà tí wọ́n ń pè ní Reflectix ní Home Depot tàbí Lowe's. Ẹ gbé páálí lé gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ya ìrísí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá gé fóòmù náà kó fi díẹ̀ tóbi ju páálí lọ, kó lè há síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù. Kí ojú tó kọ síta jẹ́ dúdú, ẹ lẹ aṣọ dúdú mọ́ ọn. Fàdákà tó ń dán nínú gíláàsì lóru ń pariwo pé èèyàn wà ńbẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn Sienna ti ṣókùnkùn láti ilé iṣẹ́, dúdú lórí dúdú, ojú ò ní rí nǹkan kan. Ẹ so kọ́tìnnì dúdú sẹ́yìn ìjókòó iwájú, ẹ fi ìbòòrùn tí gbogbo ayé ń lò dí iwájú.

Ibi tẹ́ ẹ máa dúró: iwájú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, páàkì ọsibítù, tàbí àárín àwọn tírélà nílé epo. Ibi tí ọkọ̀ ti máa ń sùn mọ́jú ni, tiyín ò ní yàtọ̀.

Dẹ́rẹ́bà_I40:
Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn sáàárín tírélà. Iṣẹ́ tírélà ni mò ń ṣe nílẹ̀ yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní a ò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ láàárín wákàtí 14 tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn náà a gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń ka wákàtí yẹn. Tí àkókò mi bá tán láago mọ́kànlá alẹ́, tí mo wá bá Sienna níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tírélà, níbo ni kí n gbé ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ? Títì ni màá ti sùn, níbi tó léwu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn nínú òkùnkùn lè má rí ọkọ̀ kékeré. Àwọn ọmọ yín wà nínú ẹ̀!

Ọkọ̀ kékeré ní ibi tirẹ̀ níwájú ilé ìtajà. Nílé epo ńlá bíi Love's, Pilot tàbí TA, ẹ wọlé, ẹ ra epo, ẹ bá ẹni tó wà nídìí owó sọ̀rọ̀: "Ọ̀nà jìn, ọmọ wà lọ́wọ́ wa, ṣé a lè sinmi síbí di aago mẹ́fà?" Wọ́n á fi ibi tó dára hàn yín, tàbí kí wọ́n ní kò sáàyè, ẹ ó sì lọ síwájú. Iná ń tàn mọ́jú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń ṣí mọ́jú, èèyàn ń lọ, èèyàn ń bọ̀. Ọmọ tó fẹ́ tọ̀ láago méjì, ẹ fà á lọ́wọ́ wọlé. Ìyẹn ti dáhùn ìbẹ̀rù Ìyá Ìbejì kan. Balùwẹ̀ wọn mọ́, yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, táwẹ́ẹ̀lì wà ńbẹ̀, ó lè tó dọ́là 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sún mọ́ tírélà tó ń kó ẹran dídì. Ẹ ó rí ẹ̀rọ ńlá kan lókè níwájú àpótí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á máa kù mọ́jú, bó ṣe ń dákẹ́ ló tún ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ẹ wo máàpù kẹ́ ẹ tó dúró, kí ojú irin má wà nítòsí. Ọkọ̀ ojú irin gbọ́dọ̀ fọn fèrè níbi tó bá ti gé títì kọjá, aago mẹ́ta òru kì í ṣe àwíjàre fún un.

Kí n sì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ní Texas, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa sá pamọ́ rárá. Ibùdó ìsinmi ìjọba tó wà lẹ́bàá òpópónà, òfin gbà yín láàyè láti dúró ńbẹ̀ di wákàtí 24. Ẹ kàn má pa àgọ́ ni. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ o: California ní wákàtí 8, Florida ní wákàtí 3 péré fún ọkọ̀ kékeré. Ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó na ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Baltimore:
Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo bá wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ má sùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn. Kábọ́ọ̀nù mónósáìdì tó wà nínú èéfín ọkọ̀ kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Gbogbo wa la mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ ti ṣe fún odindi ìdílé nílé. Ohun kan náà ni. Ẹ má dá iná gáàsì tàbí èédú nínú ọkọ̀, ì báà ṣe láti po tíì lásán. Ẹ ra aláàmù rẹ̀ tó ń lo bátìrì, ẹ gbé e sítòsí ibi tí orí àwọn ọmọ wà.

Èkejì ni ooru. Lóṣù keje, òru wà ní Phoenix tí kì í tutù ju 90°F lọ. Ọmọdé ò gbọdọ̀ sùn nínú ọkọ̀ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì gbọdọ̀. Ibi gíga ni kẹ́ ẹ máa wá. Béèyàn bá ṣe ń fi ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan gòkè, afẹ́fẹ́ á máa fi bíi 3.5°F tutù sí i. Phoenix ò ga ju bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,100 lọ, Flagstaff, ìlú tó wà lókè, ga tó bíi 6,900. Ẹ kọjá Phoenix ní ọ̀sán, kí alẹ́ bá yín lókè. Etí ọ̀gbun Grand Canyon lápá gúúsù ga tó bíi 7,000, òru ibẹ̀ lè wá sí bíi 50°F nínú oṣù keje pàápàá, nítorí náà ẹ mú aṣọ ìbora tó nípọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ooru Houston tàn yín.

Ẹ ṣí gíláàsì méjì tó dojú kọra díẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba ìhín wọlé, kó gba ọ̀hún jáde. Èèyàn mẹ́rin tó ń mí nínú ọkọ̀ tó tì pa, omi á máa ṣàn lójú gíláàsì tílẹ̀ bá ń mọ́, fóòmù á rin. Omi mímu, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́ ní aṣálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọlá, páàkì ọsibítù kọ́ o. Àwọn tí wọ́n gbé aláìsàn wá ló ni ín, ẹ̀ṣọ́ wa sì ń yí i po ní gbogbo òru.

ỌmọMọ́kọlá_Phoenix:
Mo gba ti tírélà àti ti ọsibítù. Àmọ́ ẹ gbọ́, Sienna 2021 jẹ́ hàíbríìdì. Tẹ́ ẹ bá tan éèsì sílẹ̀, bátìrì ńlá ló ń gbé e, ẹ́ńjìnnì á kàn máa tàn fún ìgbà díẹ̀ láti fi agbára kún un, á sì kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sùn bẹ́ẹ̀. Kò rí bíi mọ́tò àtijọ́ tó ń tú èéfín mọ́jú.

Nọ́ọ̀sì_Baltimore:
Mo mọ̀ ọ́n, àbúrò mi ní irú rẹ̀. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìgbà tó tàn. Sàláńsà tó ti ń jò kò ní sọ fún yín. Ìdí ọkọ̀ tó sì kọ sí ògiri tàbí igbó, èéfín ò ní ibi lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tan éèsì kẹ́ ẹ tó lè sùn, ibẹ̀ gbóná jù fún sísùn, ẹ wakọ̀ gòkè sí i tàbí kẹ́ ẹ gba yàrá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lórí èyí, mi ò ní yí ohùn padà.

BàbáÀgbà_Atlanta:
Ọmọ mi Àjàní, mo ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ni mo fẹ́ dáhùn, torí ó yẹ ní dídáhùn.

Kí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 tó dé, àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ń sùn sínú ọkọ̀ nítorí pé mòtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n wọlé. Martin Luther King mẹ́nu bà á nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Washington ní 1963. Àwọn tó rìn ṣáájú wa máa ń mọ ilé ta ni wọ́n máa dé sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn kì í ṣe bí a ṣe ń fara pamọ́. Wọ́n máa ń mọ ibi tí wọ́n ti gbà wọ́n láàyè kí wọ́n tó kúrò nílé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kan gíláàsì rẹ, ohun tó máa gbà ọ́ ni kó o lè sọ pé: "Máníjà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yìí gbà wá láàyè." Béèrè orúkọ rẹ̀, kọ ọ́ sínú fóònù rẹ. Walmart fúnra wọn sọ pé ọwọ́ máníjà ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ wà, ó sì tún wà lọ́wọ́ òfin ìlú náà. Má kàn wọ páàkì wọn kó o sùn nítorí pé wọ́n sọ fún ọ pé Walmart gbà. Ilé oúnjẹ Cracker Barrel púpọ̀ máa ń gba àwọn arìnrìn-àjò láàyè, béèrè níbẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló kan gíláàsì: tan iná inú ọkọ̀, gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì tàbí ibi tó ti lè rí wọn, sọ gíláàsì kalẹ̀, kí i. Sọ fún un pé ìyàwó àti ọmọ ń sùn lẹ́yìn. Kó o tó na ọwọ́ mú láísẹ́ǹsì, sọ ibi tó wà, kó o dúró kó dáhùn. Tó bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ máa lọ. Kì í ṣe ìgbà àríyànjiyàn. Ní 28 oṣù kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Grants Pass, ìlú kan ní Oregon, pé ìlú lè fi ìyà jẹ ẹni tó bá sùn síta níbi tí òfin ìlú náà bá ti kà á léèwọ̀. Àwọn aláìnílé ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, àánú wọn ṣe mí gidi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú ti túbọ̀ le lẹ́yìn rẹ̀. Ojú pópó àdúgbò àwọn èèyàn, má sùn síbẹ̀.

Àti ọtí. Ní Arizona, òfin ò sọ pé dandan ni kí ọkọ̀ máa rìn. Ẹni tó ti mutí tí ọkọ̀ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n lè mú un. Bíà ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ títí ẹ ó fi padà délé.

Adé_Manchester:
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń gbádùn o. Níbí, ibùdó ìsinmi ojú mọ́tòwéè, wákàtí méjì péré ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Bó o bá kọjá ẹ láìsanwó, kámẹ́rà ti ka nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ, lẹ́tà owó ìtanràn á bá ọ nílé. Ti ọtí tí Bàbá sọ yẹn rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Scotland nìkan ló dára: òfin ilẹ̀ wọn ti 2003 gbà wá láàyè ká sùn síbi tó bá wù wá.

Fúnmi_Glasgow:
Adé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn tó gbé àgọ́ dání ni òfin 2003 ń sọ. Kò kan ọkọ̀ onímọ́tò rárá. Wíwa mọ́tò wọ inú pápá onípápá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìrìnnà. Ní Loch Lomond, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án, àwọn etídò kan wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó sùn síbẹ̀, àgọ́ àti ọkọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ti Manchester wá pẹ̀lú ìgboyà yẹn.

Àjàní_Houston:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó mi ka ti Bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun fara mọ́ ọn báyìí bó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti gbà wá láàyè la ó máa sùn. Ìbéèrè méjì ló kù. Tá a bá ti dé Grand Canyon gan-an, ṣé a lè sùn sí páàkì inú ọgbà náà? Àti pé, níbi tí kò bá sí ilé epo, báwo lẹ ṣe ń ṣe ti ìgbọ̀nsẹ̀?

Àṣàkẹ́_Albuquerque:
Inú ọgbà, rárá o. Àyàfi ibi àgọ́ tí ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀, bíi Mather, tó máa ń kún tipẹ́tipẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà máa ń yẹ páàkì wò lóru.

Ṣùgbọ́n ẹ kàn jáde lẹ́nu ọ̀nà gúúsù díẹ̀. Igbó ìjọba ni, Kaibab National Forest, ọ̀fẹ́ ni, kò sí pé à ń sá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè sùn ńbẹ̀ di ọjọ́ 14, ẹ sì lè pa àgọ́ fáwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tẹ́ ẹ ò lè ṣe ní ibùdó ìsinmi Texas. Ilẹ̀ BLM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ gbogboogbò, náà rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28. Ẹ gba máàpù tí wọ́n ń pè ní MVUM ní ọ́fíìsì igbó náà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀nà tó bá wà lórí ẹ̀ ni ọkọ̀ lè gbà. Ẹ wá ibi tí àmì táyà àti òkúta tí wọ́n fi yí iná ká ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má la ibi tuntun. Ẹ béèrè nípa iná dídá, torí lóṣù kẹfà, oṣù keje, wọ́n sábà máa ń kà á léèwọ̀ nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ sórí koríko gbígbẹ, sàláńsà tó gbóná lè dáná sí i.

Àgbàrá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní Arizona àti New Mexico, àkókò òjò wọn ni láti àárín oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹ ó rí ibì kan tó tẹ́jú, yanrìn rẹ̀ rọ̀, ó mọ́, ó sì farasin dáadáa, igi wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin á ní ibi tá a ń wá rèé. Ojú odò gbígbẹ ni. Òjò lè rọ̀ lórí òkè tó jìnnà réré, kí ọ̀run orí yín mọ́ kedere, kí omi wá ya dé láàárín òru. Ẹ wo ara igi: tẹ́ ẹ bá rí pàǹtírí tó há sí ẹ̀ka wọn níbi tó ga tó orúnkún tàbí ìbàdí, omi ló gbé e síbẹ̀. Ẹ kúrò.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀: ike pẹ́ńtì gálọ́ọ̀nù márùn-ún, ìdérí ìjókòó tí wọ́n ṣe fún un, báàgì méjì tó wọ inú ara wọn, àti yanrìn ológbò. Ẹ so ó, ẹ jù ú sí ìdọ̀tí ní ìlú. Fún ìtọ̀ ọmọdé lóru, ike tó ní ìdérí tó le. Ẹ kọ́ wọn nílé kẹ́ ẹ tó gbéra.

ỌmọMọ́kọlá_Phoenix:
Òótọ́ ni Àṣàkẹ́ sọ. Ẹ tún lè sùn sórí ilẹ̀ òfìfo èyíkéyìí ní Arizona, ilẹ̀ ìjọba ló pọ̀ jù.

Àṣàkẹ́_Albuquerque:
Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ ìjọba kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n kọ State Trust Land sí, ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Navajo àti Hualapai, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni, òfin tiwọn ló wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Texas, ẹ rántí pé ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti aládàáni tán. Lójú ọ̀nà I-10 níbẹ̀, ibùdó ìsinmi àti ilé epo ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Awakọ̀Ògèrè:
Ṣàgámù ni mo wà, mo wa tírélà láti Apápá lọ sókè ọya kí ojú tó dùn mí. Ní Ògèrè, ẹni tó bá mọ ọkọ̀ gùn, abẹ́ tírélà ló ń so àwọ̀n rẹ̀ sí tó fi ń sùn, torí inú ọkọ̀ gbóná. Ẹ̀yin ò lè sùn sábẹ́ Sienna, àmọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn yín kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi sínú. Ẹ ran àwọ̀n bí àpò ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ fi wọ fírémù ìlẹ̀kùn láti òkè, kẹ́ ẹ tó pa á dé. Gíláàsì á wálẹ̀, ẹ̀fọn ò ní wọlé. Àwa máa ń fi omi wẹ ẹsẹ̀ ká tó sùn, oorun a máa tètè gbé èèyàn lọ. Ẹ wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn.

ÌyáÌbejì_Dallas:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó dáa, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Síbẹ̀, ẹ fi hòtẹ́ẹ̀lì kan sáàárín ìrìn-àjò náà, ní Las Cruces tàbí Albuquerque, kí gbogbo yín wẹ̀, kí ẹ fọ aṣọ, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ na ẹ̀yìn. Alẹ́ kan péré.

Dẹ́rẹ́bà_I40:
Mo gbè é. Tẹ́ ẹ bá gba I-10, Houston sí El Paso nìkan ju máìlì 700 lọ. Ẹ pín in sí méjì, ẹ má wà á tán lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí ṣẹkípọ́ìǹtì àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ní Sierra Blanca tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì tó sì ti pé ọdún 18, òfin ní kó máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.

Wálé_ElPaso:
Àfikún díẹ̀ sí ti Dẹ́rẹ́bà. Ti Sierra Blanca, ọwọ́ tó ń bọ̀ sí Houston ló wà lóòótọ́. Àmọ́ òmíràn wà lórí I-10 lẹ́yìn Las Cruces, lọ́wọ́ tó ń lọ sí Arizona, òmíràn sì wà lórí I-25 fún ẹni tó ń gòkè lọ sí Albuquerque. Èyí tẹ́ ẹ bá gbà nínú méjèèjì, ẹ ó bá wọn pàdé lálọ. Nítorí náà, kí káàdì má wà nísàlẹ̀ ẹrù. Ẹ fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì àti ìwé ọkọ̀, ẹ gbé ìwé ìbí àwọn ọmọ tàbí páásípọ́ọ̀tù wọn sí i. Ẹ ka kọ́tìnnì dúdú yẹn sókè, kí ẹ yọ fóòmù gíláàsì kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí ẹni tó ń bi yín léèrè lè rí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó sọ pé kẹ́ ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.